Òórùn Ọ̀dà Èékánná

Òórùn náà ló dá mi dúró. Mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ń kó ẹrù ẹ̀rí sí ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, ife tíì wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí nǹkan kan ta sí mi nímú. Ó dùn díẹ̀, ó tún korò díẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo fi imú ti ihò kọ́kọ́rọ́. Òórùn ọ̀dà èékánná ni, kò sí àní-àní.

"Sájẹ́ǹtì! Àpò ọmọbìnrin tó ń kun èékánná yẹn, ṣé inú ibí ni ẹ kó o sí?"

Sájẹ́ǹtì wa, tí gbogbo ayé ń pè ní Ó-Ti-Parí nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò tíì parí lójú tirẹ̀, gbé orí sókè. "Rárá o, ọ̀gá mi. Àpò yẹn wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, abẹ́ kọ́kọ́rọ́."

"Kí ló wá wà nínú yàrá yìí tó ń rùn?"

"Kò sí nǹkan kan. Bátìrì tí alùpùpù wọn fi ń rìn, tó jóná nílé wọn, ni mo gbé síbẹ̀. Mo ti rẹ ẹ́ sómi dáadáa lánàá. Ó ti kú."

Lánàá, nígbà tí oòrùn ti ń mú, iná sọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí kò jìnnà sí wa. Bàbá onílé, awakọ̀ ẹrù tó ti fẹ̀yìn tì, jóná lọ́wọ́ méjèèjì, ó wà nílé ìwòsàn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń kun èékánná fún àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fẹ̀sùn kàn án. Ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń gbọ́ òórùn ọ̀dà èékánná káàkiri ilé, ó ní ìyàwó ló da asẹtóònù tó fi ń nu ọ̀dà sílẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n rí ìgò asẹtóònù nínú àpò rẹ̀, ó ti dín sí ìdajì. Sájẹ́ǹtì ní ìdajì yòókù ló jó ilé. Ọ̀gá àgbà ti sọ pé ọ̀sán òní ni wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìyá ọkọ sì ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Tí wọ́n bá fi lè gbé ọmọ yìí débẹ̀, ó pàdánù òmìnira, ó pàdánù ilé ọkọ.

Tọpinpin ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́ yìí. Àwọn kan fi ń yìn mí, àwọn mìíràn fi ń bú mi, mo sì ń jẹ́ méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ ìdajì ìgò yẹn kò tíì wọ̀ mí létí láti àná.

"Ṣí ilẹ̀kùn yìí fún mi."

Bátìrì náà wà lórí pákó, láàárín fáìlì àwọn ẹjọ́ àtijọ́ àti kẹ́ẹ̀gì bẹtiróòlù tí a gbà lọ́wọ́ olè kan. Mo na ẹ̀yìn ọwọ́ mi sún mọ́ ọn láì fọwọ́ kàn án. Ooru ń jáde lára rẹ̀ bí ara ọmọ tí ibà mú.

"Sájẹ́ǹtì, o ní ó ti kú?"

"Ó kú, ọ̀gá. Èmi fúnra mi ni mo da omi lé e lórí."

"Òkú kì í gbóná."

Mo pe ọ̀gá àwọn pánápáná lórí fóònù. Mo ní bátìrì tó jóná lánàá ti tún gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì bẹtiróòlù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ó ń dún?"

"Kò dún. Ó gbóná, ó sì ń rùn."

"Ẹ kó gbogbo èèyàn jáde kíá. Ẹ gbé bẹtiróòlù yẹn kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé bátìrì náà, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun gún un. Tó bá fi lè dún ṣíí, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ sá. Mò ń bọ̀."

Ẹnìkan gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, a sì kó gbogbo èèyàn kúrò. Mo da yẹ̀pẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù irin kan láàárín àgbàlá, níbi tó jìnnà sí ọkọ̀ àti sí ògiri. Ó-Ti-Parí fi ṣọ́bìrì ọlọ́wọ́ gígùn gbé bátìrì náà, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin, òógùn bò ó. Mo gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń họ ilẹ̀. Ó rọra gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi nígbà tó dún. Ṣíííí! Èéfín funfun tú jáde, iná sì tẹ̀ lé e, ó ga ju èèyàn lọ.

"Yéè! Ṣebí mo rẹ ẹ́ sómi!"

"Má fa èéfín yẹn símú! Bọ́ sí apá ibí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá!"

Mo ń ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní inú yàrá yẹn ló ti dìde, pẹ̀lú bẹtiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì tí ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí ọ̀gá pánápáná dé, ó fi omi púpọ̀ tù ú títí tó fi rọlẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí di ọjọ́ kejì. "Irú bátìrì yìí kì í kú bọ̀rọ̀," ó ní. "Omi a pa iná ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí inú bá ti bàjẹ́, a sinmi, a tún dìde."

"Òórùn yẹn ńkọ́?"

"Oje tó wà nínú rẹ̀ ni. Tí ara bátìrì bá ti là, oje yẹn á máa jò, òórùn rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀dà èékánná. Òun gan-an la fi ń mọ̀ pé ewu ti dé."

Mo sáré tọ ọ̀gá àgbà lọ, mo rò ó fún un. Asẹtóònù tí wọ́n dà sílẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, kò lè máa rùn láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Òórùn tí ìyá ọkọ gbọ́, bátìrì ni.

Ọ̀gá àgbà fi báírò gbá tábìlì. "Ó dára. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í dédé là. Ta ló là á? Ṣé ìwọ lè búra pé kì í ṣe ọmọ yẹn? Mú ẹni tó ṣe é wá fún mi kó tó di ọ̀sán, Tọpinpin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́ ni."

*

Wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá bá mi. Kò ga, ojú rẹ̀ wú. Ẹni tó ń kun èékánná fún gbogbo ìlú, tirẹ̀ kò ní ọ̀dà kankan.

"Ìyàwó, ṣé o da asẹtóònù sílẹ̀?"

"Rárá, mà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti lo ìdajì rẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ òórùn yẹn láàárọ̀ àná?"

"Mo gbọ́ ọ, mà. Mo yẹ gbogbo ìgò mi wò, wọ́n dé pinpin. Mo ní bóyá ara aṣọ mi ni."

"Ta ló máa ń gbé bátìrì alùpùpù wọlé?"

Ó yíjú sí ògiri.

"Ọkọ rẹ?"

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀sán ń bọ̀. Tí o bá mọ nǹkan kan tí o ò sọ, ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ."

"Mo mọ̀, mà." Ó gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Kí ló dé?"

"Èmi ni mo máa ń gé èékánná wọn. Ẹ bá mi sọ fún nọ́ọ̀sì, mà, kí wọ́n má fún wọn ní ife tó kún." Ó sì pa ẹnu dé lójijì. Mo bi í léèrè títí, kò la ẹnu mọ́.

Mo dìde. Inú ń bí mi sí i, ojú rẹ̀ sì ń ṣe mí láàánú. Ẹni tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé, ife omi ẹlòmíràn ló ń rò.

*

Ẹrù ìyàwó ni mo kọ́kọ́ rí nílé wọn: àpótí méjì àti ìrọ̀rí kan lórí ilẹ̀ ní iwájú ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó ti àpótí náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ọkọ rẹ̀, tó ń fi alùpùpù oníbátìrì gbé ẹrù fún àwọn oníbàárà, fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá."

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti gbé e lọ? Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó má fẹ́ ọlọ́dà! Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́? Ilé tí èèyàn ti ń dáná, ó ń kó kẹ́míkà wọ̀ ọ́!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo ilé ná."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé ni ògiri ti dúdú jù lọ, dúdú náà gùn ún dé àjà. Ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín lásán ló bà á. Asẹtóònù tó wà nínú yàrá kì í fo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ jó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ibí ni bátìrì máa ń wà?" mo bi ọkọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà."

"Lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ní? Tí iná bá sọ níbẹ̀, ibo ni ẹ máa gbà jáde?"

"Ojú fèrèsé la gbà, mà."

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń fi tiwọn sẹ́nu ọ̀nà sùn lójoojúmọ́. Mo fi igi tú eérú ibẹ̀. Ègé aṣọ tó nípọn kan jáde, nǹkan tó yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́típẹ́tí. Mo fà á. Téèpù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di páálí.

"Ta ló fi kúbùsù bo bátìrì?"

"Kúbùsù?" Ojú ọkọ là. "Mi ò bò ó rí, mà. Ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀ pé kó máa rí afẹ́fẹ́ tó bá ń gbaná."

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí ariwo sọ níta.

"Ọ̀gá, ó ti parí!" Sájẹ́ǹtì ló ń fa ọkùnrin sísanra kan lọ́wọ́ aṣọ. "Mo ti mú ọ̀daràn wá. Òun ló ta bátìrì fún wọn. Ṣájà burúkú ló fún wọn!"

"Ṣájà burúkú kẹ̀?" Oníbátìrì náà já ara rẹ̀ gbà. "Ó wà níbo? Ẹ gbé e wá kí gbogbo wa fojú rí i!"

Mo fa wáyà kan jáde láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣájà rẹ̀ ṣì wà, ẹ̀gbẹ́ kan ló yọ́. Oníbátìrì nu eérú kúrò, ó fi àmì ara rẹ̀ hàn mí. "Òun àti bátìrì náà ni wọ́n jọ wá. Ká ní òun ló dá wàhálà sílẹ̀, òun ni ì bá kọ́kọ́ di eérú. Mà, bátìrì yẹn fara pa ni."

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ti ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Etí rẹ̀ ti kán, ojú ibi tó kán ṣì funfun. Nǹkan búlúù kékeré kan há sínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná yọ ọ́.

"Awọ bátìrì mi nìyẹn!" Oníbátìrì yíjú sí ọkọ. "Ó jábọ́! Kí ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o rà á? Mo ní tó bá jábọ́, ì báà má hàn lára rẹ̀, má gbaná sí i mọ́. Gbé e síta, kí o pè mí. Inú ló ti máa ń ṣèṣe!"

"Kò jábọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Lọ́wọ́ ta ni?" mo bi í.

Ó wo ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Bàbá ló máa ń yọ ọ́ lára alùpùpù tí mo bá dé, mà. Àwọn náà ló ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní iṣẹ́ tó kù fún àwọn nínú ilé yìí nìyẹn."

Màmá fò dìde. "Ẹ má ki ọrùn Bàbá bọ̀ ọ́ o! Ẹni tó fẹ́ kú nítorí ilé rẹ̀!"

"Màmá, nígbà tí èéfín kún ilé, ibo ni ẹ sá lọ?"

"Yàrá ìyàwó. Ibẹ̀ la da omi sí, torí òórùn rẹ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n sáré lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ká jáde, wọ́n sì gbá nǹkan náà mú."

"Gbogbo yín sá lọ síbi asẹtóònù. Kí ló jẹ́ kí Bàbá nìkan mọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni iná wà?"

Mo rántí ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ. "Báwo ni Bàbá ṣe ń mu tíì wọn láyé ìsinsìnyí?"

"Tíì?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. "Ìdajì ife ni wọ́n ń mu báyìí. Wọ́n ní ẹ̀kún ife ò yẹ àgbà. Mo tiẹ̀ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti di ọlọ́lá..." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé a ti mú ìyàwó?"

"A ò sọ fún wọn. Dókítà ní kí ọkàn wọn balẹ̀."

Oòrùn ti sún mọ́ àárín orí. Mo ní kí Sájẹ́ǹtì bẹ ọ̀gá àgbà kó jẹ́ kí a gbé ọmọbìnrin náà gba ilé ìwòsàn kọjá. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ó wo ojú mi, ó sì lọ.

*

Báńdéèjì funfun ni wọ́n fi wé ọwọ́ Bàbá méjèèjì. Àtàǹpàkò òsì nìkan ni iná kò dé, ó yọ síta. Mo kí i, mo jókòó. Ife omi tí nọ́ọ̀sì gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún dé ẹnu, kò sì tíì mu nínú rẹ̀. Mo da ìdajì rẹ̀ nù, mo gbé e sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló wò mí dáadáa. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyàwó ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ ife nìkan ló sọ, Bàbá. Kò sọ nǹkan mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì wa ló sùn mọ́jú."

"Sẹ́ẹ̀lì kí ni?"

"Wọ́n ní òun ló jó ilé. Wọ́n ní òórùn ọ̀dà rẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbọ́. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Ó gbìyànjú láti dìde. Mo dá a padà sórí ìrọ̀rí. Omi ti dé ojú rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ tó fi ọkọ̀ ẹrù gun òkè tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún, kò lè gbé ife mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi ń gé èékánná mi ló rí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba bátìrì lọ́wọ́ mi, mi ò ní wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ìjẹta ló bọ́ lọ́wọ́ mi sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là. Mo fi téèpù wé e, mo fi kúbùsù bò ó kí ọmọ mi má rí i, mo sì ń gbaná sí i lọ. Iná rẹ̀ ṣáà ń tàn, mo ní kò sí nǹkan."

"Òórùn yẹn ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò gbọ́ ọ?"

Ó pa ojú dé. "Mo gbọ́ ọ. Èmi náà sọ fún ara mi pé ọ̀dà ìyàwó mi ni."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Èmi wà níbẹ̀, orí ọmọ wọ́. Níbo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò lè wọlé. Ọmọbìnrin náà rí Bàbá, ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó mọ̀. "Bàbá, ẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn, ìyàwó mi. Ó yẹ kí o ti sọ fún wọn lánàá."

"Ẹ ní kí n má sọ ọ́."

Mo ṣí pádì tàdáwà tí a fi ń tẹ̀ka, èyí tí mo mú dání. Bàbá fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo tó kù fún un kàn án, ó gbé e sókè orí ìwé, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n débi pé kò lè bà sójú kan. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó ṣe máa ń dì í mú tó bá fẹ́ gé èékánná. Ọwọ́ náà dúró. Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, Màmá ń sunkún. "Ìyàwó, dárí jì mí," ó ní. "Mo ti ní kí wọ́n kó ẹrù rẹ padà sínú ilé." Ọmọbìnrin náà mi orí, ṣùgbọ́n kò tíì bojú wẹ̀yìn, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Mo pe ọ̀gá àgbà. Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀. "Ìjàǹbá ni nígbà náà," ó ní. "Fi ọmọ náà sílẹ̀."

Bàbá ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí tàdáwà ti bà jẹ́. "Ìyàwó mi, èékánná yìí ti gùn o."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. "Ohun tí mo fi ń gé e ò sí lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ọlọ́pàá ti gba àpò mi."

Mo yíjú sí Ó-Ti-Parí. Kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó ti dé fìlà rẹ̀, ó ń lọ mú àpò náà wá.